Ìwọ Ta Ni, Níbo Sì Lò Ń Lọ? Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Ìṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

      

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lálẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu ibodè ni; kì í sì í ṣe ibodè tí a fi igi àti amọ̀ ṣe, bí kò ṣe èyí tí ó wà lẹ́nu ihò kékeré ara ògiri tí a ń ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ̀ ní ọ́fíìsì, ní yàrá ìkàwé àti ní gbọ̀ngàn ìdánwò, àti èyí tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ níbi tí fóònù yín ti ń gba Wi-Fi. Pọ́ọ̀tì ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pe ihò kékeré yẹn. Ìlànà kan wà tí gbogbo ayé fi ń ṣọ́ ọ, tí a ń pè ní 802.1X, èyí tí IEEE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná àgbáyé, gbé jáde ní ọdún 2001, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2004, ní 2010 àti ní 2020. Ọdún 2001 kan náà ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí a dá sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè ní 1982, gba orúkọ Olóyè Ọlábísí Ọnàbánjọ, ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ gómìnà alágbádá ní ìpínlẹ̀ wa. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti parí yunifásítì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di òbí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ láàárín wa ló ní ìlànà yìí nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi owó wọn rà, tí wọn kò tíì tàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Ọbańta, ọ̀rọ̀ ibodè kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì létí yín. Ẹni tí ó bá ti dúró létí yàrà Eredo ti Súngbọ́, èyí tí gígùn rẹ̀ lé ní ọgọ́jọ kìlómítà, tí jíjìn rẹ̀ sì tó ogún mítà níbòmíràn, yóò mọ̀ pé ìran tí ó gbẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ tani-ń-wọlé tani-ń-jáde ṣeré. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ọ̀nà tí ó kúrú jù láti etí ọ̀sà dé Ìbàdàn gba inú ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá, oníbodè wà lójú ọ̀nà, a máa bi èrò léèrè ibi tí ó ti wá àti ibi tí ó ń lọ, a máa gba owó ibodè. Bí ẹnì kan ti ń kọjá lọ sí ọkàn ìlú ni ẹlòmíràn ń dúró sí ọjà ààlà tí a yàn fún irú rẹ̀. Oníbodè kì í ṣe ọba. Àṣẹ ààfin ni ó ń mú ṣẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ẹni tí ó bá ti mọ bí oníbodè àti ààfin ṣe ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ.

Kí ìlànà yìí tó dé, báwo ni a ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, báwo sì ni ọ̀pọ̀ wa ṣì ń ṣọ́ ọ títí di òní? Ti wáyà, a kò ṣọ́ ọ rárá: ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ọ́fíìsì, tí ó rí ihò lára ògiri, tí ó sì ki wáyà láptọ́ọ̀pù rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ti di ọmọ ilé, torí ihò náà kò bi í léèrè ohunkóhun. Ti Wi-Fi, páásíwọ̀ọ̀dù kan ṣoṣo ni a ń fún gbogbo ènìyàn, a tilẹ̀ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri nígbà mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan a sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ a sọ fún àbúrò, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, àwọn tí kò mọ ẹnu ọ̀nà kíláàsì ti ń fi owó ilé ẹ̀kọ́ wo bọ́ọ̀lù. Òṣìṣẹ́ tí a dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá ṣì mọ̀ ọ́n. Bí a bá sì fẹ́ yọ òun nìkan kúrò, àfi kí a pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo ènìyàn, kí a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pín in kiri bí ẹni pín ìwé ìpè ìnáwó. Èyí tí ó wá burú jù ni pé, bí ẹnì kan bá fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà lu jìbìtì, kò sí ẹni tí ó lè tọ́ka pé lágbájá ni, nítorí pé ojú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní lójú ẹ̀rọ. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Páásíwọ̀ọ̀dù tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé ni ikú ilé tí ọ̀pọ̀ wa ń tọ́ dàgbà.

Ìlànà 802.1X yí ọ̀ràn yìí padà láti ìpìlẹ̀. Kò bi ènìyàn bóyá ó mọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé mọ̀, ohun tí ó ń bi í ni pé, "Ìwọ ta ni? Kí sì ni ẹ̀rí rẹ?" Ẹni mẹ́ta ni iṣẹ́ náà pín sí lọ́wọ́. Èkíní ni ẹ̀rọ tí ó fẹ́ wọlé, ìyẹn láptọ́ọ̀pù tàbí fóònù, pẹ̀lú ètò kékeré kan nínú rẹ̀ tí ń bá a sọ̀rọ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní supplicant; ètò yìí ti wà nínú Windows, nínú Android àti nínú iPhone láti ilé iṣẹ́ wọn, a kì í rà á. Èkejì ni oníbodè, tí wọ́n ń pè ní authenticator: òun ni àpótí switch tí gbogbo wáyà ilé náà parí sí, tàbí ẹ̀rọ tí ń fọ́n Wi-Fi ká. Ẹ̀kẹta ni ààfin, ìyẹn sáfà tí ìwé orúkọ gbogbo ènìyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbodè kò mọ ẹnikẹ́ni, kò sì mọ páásíwọ̀ọ̀dù ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ti ilẹ̀kùn, láti gbé ọ̀rọ̀ lọ, láti gbé èsì bọ̀, kí ó sì ṣe gẹ́gẹ́ bí èsì ti wí. Nítorí náà, bí olè bá jí oníbodè gbé lára ògiri ní òru, kò rí ìwé orúkọ kankan jí pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó bí ó ti ń lọ. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ki wáyà bọ ihò, iná kékeré yóò tàn lára pọ́ọ̀tì náà, ṣùgbọ́n títì ni ilẹ̀kùn wà. Kò lè rí sáfà kankan, kò lè wo íntánẹ́ẹ̀tì, kò tilẹ̀ lè gba àdírẹ́sì tí gbogbo ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Irú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni oníbodè fi àyè sílẹ̀ fún láti kọjá, òun náà ni ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀. Oníbodè yóò béèrè orúkọ; ẹ̀rọ akẹ́kọ̀ọ́ yóò dáhùn. Oníbodè yóò wá di ìdáhùn náà sínú ìwé mìíràn, yóò sì fi ránṣẹ́ sí ààfin ní èdè tí a ń pè ní RADIUS, èdè tí ilé iṣẹ́ Livingston ní Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1991 fún àwọn tí ń fi wáyà tẹlifóònù wọ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà, tí ó sì ti di ti gbogbo ayé lónìí. Ààfin kì í gba orúkọ lásán gbọ́. Yóò ní kí ẹni náà fi ẹ̀rí hàn, ìbéèrè yóò lọ, ìdáhùn yóò bọ̀, oníbodè yóò sì máa gbé e láàárín láìlóye ohun tí ó wà nínú rẹ̀, títí ààfin yóò fi sọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì: kí ó wọlé, tàbí kí ó má wọlé. Bí ó bá ní kí ó wọlé, ilẹ̀kùn ṣí. Gbogbo ìbéèrè àti ìdáhùn yìí kì í sábà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá sì yọ wáyà rẹ̀, ilẹ̀kùn náà tì lójú ẹsẹ̀, ẹni tí ó bá tẹ̀lé e yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ tirẹ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ẹ̀rí pẹ̀lú kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Èdè ìdánimọ̀ tí ìlànà yìí ń lò, EAP, ni a ṣe ní 1998, tí a tún ṣe ní 2004, lọ́nà tí ó fi lè gba oríṣiríṣi ẹ̀rí láìjẹ́ pé a pààrọ̀ oníbodè. Àwọn kan ń lo ìwé ẹ̀rí orí kọ̀ǹpútà tí a fi sínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, tí ààfin àti àlejò yóò fi tiwọn han ara wọn. TLS ni wọ́n ń pe irú èyí, kò sì sí páásíwọ̀ọ̀dù nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè jí gbọ́. Àwọn mìíràn ń lo èyí tí a ń pè ní PEAP tàbí TTLS, níbi tí ààfin yóò ti kọ́kọ́ fi ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ hàn, tí wọn yóò sì la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ kan láàárín ara wọn, kí orúkọ àti páásíwọ̀ọ̀dù tó gba inú rẹ̀ kọjá. Ilé tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀, TLS ló yẹ ẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ti ń mú fóònù ti ara wọn wá, èkejì ni yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti lọ́ràá jù, ìyẹn ohun tí oníbodè yìí lè ṣe àkóso rẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé ṣíṣí àti títì nìkan ni, kò tíì mọ agbára rẹ̀. Nígbà tí ààfin bá ń dá oníbodè lóhùn pé kí àlejò wọlé, ó lè fi àṣẹ mìíràn mọ́ ọn. Ó lè sọ àgbàlá tí àlejò náà yóò wọ̀, nítorí pé nínú wáyà kan ṣoṣo, a lè pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí àgbàlá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí a ń pè ní VLAN, tí nọ́ńbà wọn ń lọ láti 1 títí dé 4094, tí ẹni tí ó wà nínú ọ̀kan kò sì rí ẹni tí ó wà nínú èkejì. Olùkọ́ yóò ki wáyà bọ ihò, yóò bọ́ sí àgbàlá tí èsì ìdánwò wà. Akọ̀wé owó yóò ki wáyà bọ ihò kan náà lẹ́yìn rẹ̀, yóò bọ́ sí àgbàlá ìwé ìṣirò. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ki í bọ̀, yóò bá ara rẹ̀ ní àgbàlá ilé ìkàwé àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ihò kò yí padà, wáyà kò yí padà, ènìyàn ni ó yàtọ̀. Ní 2003 ni a kọ bí a óò ti máa fi RADIUS ṣe èyí sílẹ̀ fún gbogbo ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀rọ, kí ti ọ̀kan lè gbọ́ èdè ti èkejì.

Kò tán síbẹ̀. Ààfin lè fún ènìyàn ní gbèdéke àkókò, kí oníbodè tún bi í léèrè lẹ́yìn wákàtí kan, tàbí kí ó yọ ọ́ síta ní agogo tí iṣẹ́ parí. Ó lè ka àwọn sáfà tí ẹni náà lè bá sọ̀rọ̀, kí ilẹ̀kùn má ṣí sí òmíràn. Ẹ sì ronú ohun tí èyí lè ṣe nínú gbọ̀ngàn ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, irú èyí tí JAMB sọ di dandan fún gbogbo olùdánwò láti 2015, kí kọ̀ǹpútà olùdánwò má lè bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀ bí kò ṣe sáfà ìdánwò, kí àjèjì tí ó bá sì ki wáyà bọ ihò tí ó ṣófo má rí nǹkankan bí kò ṣe ilẹ̀kùn títì. Ààfin lè pàṣẹ kí a lé ẹni tí ó ti wọlé jáde ní ọ̀sán gangan láìdúró de ilẹ̀ ọjọ́ kejì. Bí òṣìṣẹ́ kan bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni a ó fa igi lé nínú ìwé, àwọn yòókù kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, oníbodè a máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ààfin: ẹni tí ó wọlé, ihò tí ó gbà, ìgbà tí ó wọlé, ìgbà tí ó jáde, àti bí ẹrù tí ó gbé kọjá ti pọ̀ tó. Ẹni tí ó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Níbi tí irú àkọsílẹ̀ yìí bá wà, ẹni tí kò mọwọ́ kò ní jẹ̀bi ẹni tí ó mẹsẹ̀.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ti fi ìlànà yìí ṣe ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé ìwé mọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni eduroam. Ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn àbá tí Klaas Wierenga, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, dá ní 2002, ó sì ti tàn dé orílẹ̀-èdè tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún, Nàìjíríà pẹ̀lú. Eko-Konnect, àjọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Èkó, wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ láti mú un wọ ilẹ̀ wa, WACREN tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Accra sì ń tì í lẹ́yìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Kí a fi í ṣe àpẹẹrẹ pé yunifásítì méjì wà nínú ẹgbẹ́ náà, ọ̀kan ní Ìbàdàn, èkejì ní etí ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, tí olùkọ́ kan sì ti Ìbàdàn wá ṣe ìpàdé. Fóònù rẹ̀ yóò rí orúkọ eduroam nínú afẹ́fẹ́, yóò sì fi orúkọ rẹ̀ lélẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Ààfin ti ìhín yóò wo àdírẹ́sì náà, yóò rí i pé kì í ṣe ọmọ òun, yóò sì fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí sáfà gbogbogbòò orílẹ̀-èdè, tí yóò darí rẹ̀ sí Ìbàdàn. Ìbàdàn ni yóò yẹ ẹ̀rí wò, tí yóò sì dáhùn pé, "Ọmọ wa ni, ẹ jẹ́ kí ó wọlé." Ilẹ̀kùn yóò ṣí, ilé ẹ̀kọ́ tí ó gbà á lálejò kò sì ní mọ páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀ láéláé. Bí ó bá kọjá láti ibẹ̀ lọ sí London tàbí Accra, bákan náà ni yóò rí, kò ní bẹ ẹnikẹ́ni, kò sì ní san kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ará etí omi, ẹ lè máa wí nínú ara yín pé ọ̀rọ̀ àwọn oníyunifásítì ni èyí, pé fóònù ni ẹ̀yin fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì ní Efire àti ní Ibiade. Abẹ́ irú ìlànà kan náà ni ẹ wà. Káàdì SIM inú fóònù yín ni ẹ̀rí yín. Òpó tí ó gba ìpè yín kì í ṣe ìpinnu, ilé iṣẹ́ tí ó ni nọ́ńbà yín ni ó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí ìjọba pàṣẹ ní oṣù Kejìlá 2020 pé kí gbogbo ènìyàn so nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN mọ́ SIM rẹ̀, ìwé ààfin ni wọ́n ń tún ṣe, kí orúkọ tí ó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ orúkọ ẹni gidi. Láti 2006 sì ni ìlànà ti wà tí SIM kan náà fi lè ṣe ẹ̀rí fún Wi-Fi tí a ń sọ yìí.

Ṣùgbọ́n ibodè tí kò ro ti àlejò mọ́ tirẹ̀ a máa dá ọ̀tá sílẹ̀. Kì í ṣe pé mo ń dá ogun Ìmàgbọn láre o; ìwà agbára ni Gẹ̀ẹ́sì fi wọ Ìjẹ̀bú ní oṣù Karùn-ún 1892, nígbà ayé Awùjalẹ̀ Tunwase, ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí a ṣí àti ọ̀nà tí a tì sì ni wọ́n fi ṣe àwáwí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó ní ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí yóò ṣe fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kí ẹni náà tó dé. Ìlànà 802.1X fi àyè sílẹ̀ fún èyí: oníbodè lè mú ẹni tí kò ní ẹ̀rí lọ sí àgbàlá àlejò, níbi tí yóò ti rí íntánẹ́ẹ̀tì lò láìrí ohunkóhun nínú ilé. Òbí tí ó wá sanwó ilé ẹ̀kọ́, aláìsàn tí ó jókòó de dókítà, oníṣòwò tí ó wá sí sẹkitéríà ìjọba ìbílẹ̀ ní Abigi, kò yẹ kí a lé irú wọn lọ. Kò sì yẹ kí a fi wọ́n sí yàrá tí àpótí owó wà.

Àwọn ẹ̀rọ kan tún wà tí kò lẹ́nu láti sọ orúkọ: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́, kámẹ́rà ara ògiri, ẹ̀rọ tí ń ka ìka ọwọ́ òṣìṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí ni a máa ń fi nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n kọ sí wọn lára dá mọ̀, èyí tí a ń pè ní MAC. Ẹ̀rí tí kò lágbára ni, nítorí pé ọmọ tí ó bá mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ lè fi nọ́ńbà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bo láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ lójú. Nítorí náà, àgbàlá tí ó há ni kí a fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí, kí ẹni tí ó bá fi orúkọ ìtẹ̀wé wọlé má rí ohun mìíràn ṣe ju ìwé títẹ̀ lọ.

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ìlànà yìí pẹ̀lú ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó mọ ẹni tí ó wọlé. Kò mọ ohun tí ó ń rò lọ́kàn, kò sì lè mọ̀ bóyá kòkòrò kọ̀ǹpútà wà nínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀, àfi bí a bá fi ètò mìíràn kún un. Nínú ìlànà ti àtijọ́, ẹni tí ó bá gbọ́n lè fi àpótí kékeré kan sáàárín ògiri àti kọ̀ǹpútà ẹni tí ó ti wọlé, kí ó sì rọra tẹ̀lé e wọ ilé. Èyí ni ó fà á tí wọ́n fi gbé MACsec jáde ní 2006, tí ń fi àdììtú bo gbogbo ọ̀rọ̀ láàárín ẹ̀rọ àti oníbodè, tí àtúnṣe 2010 sì so ó pọ̀ mọ́ 802.1X. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni ibi lè gbé Wi-Fi èké kalẹ̀, kí ó sọ ọ́ ní orúkọ ilé ẹ̀kọ́ yín, kí ó sì máa gba páásíwọ̀ọ̀dù lọ́wọ́ ẹni tí ń kánjú. Èrò pẹ̀lú gbọ́dọ̀ bi oníbodè léèrè pé, "Ààfin wo lo ń ṣojú fún?" Bí fóònù yín bá ní òun kò mọ ìwé ẹ̀rí sáfà, tí ó sì ń bi yín bóyá kí òun gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lọ bi àwọn tí ń mójútó ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ yín. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀, ìka kan tí ó kánjú tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" sì tó láti la ògiri lẹ́nu.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ti iná mànàmáná, nítorí ilẹ̀ wa ni a wà. Bí ààfin bá ṣókùnkùn, oníbodè kò rí ẹni béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní wọlé, ọ̀gá pátápátá pẹ̀lú. Ilé tí yóò bá lo ìlànà yìí gbọ́dọ̀ ní sáfà méjì, kí èkejì lè dìde bí èkíní bá ṣubú, kí bátìrì tàbí sólà sì wà lẹ́yìn wọn. Kì í ṣe ohun tí ó ju agbára lọ. FreeRADIUS, ètò sáfà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1999, ọ̀fẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà tí kò tóbi ní ń gbé e. Ẹ̀rọ switch tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti báńkì ti rà sì ti ní agbára oníbodè nínú láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ohun tí ó kù ni ènìyàn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, irú wọn kò sì jìnnà, nígbà tí yunifásítì wà ní Àgọ́-Ìwòyè, tí Pólítẹ́kíníìkì Abraham Adésànyà sì wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí ó kan òfin. Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 ti sọ ọ́ di dandan fún olùṣàkóso káfé íntánẹ́ẹ̀tì kí ó ní ìwé tí oníbàárà ń fi orúkọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní káfé ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti Nàìjíríà, èyí tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2023, ti tún sọ pé orúkọ àti ìrìn ènìyàn tí ó wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè tà, tàbí tí a lè fi han ẹni tí kò kàn. Ẹni tí ń kọ ìgbà tí ọmọ ọlọ́mọ wọlé àti ìgbà tí ó jáde ti gba ẹrù ìgbẹ́kẹ̀lé lé orí. Kí ó ti ìwé náà mọ́ inú àpótí, kí ó mọ iye ìgbà tí yóò pa á mọ́, kí ó sì sun ún nígbà tí àkókò rẹ̀ bá pé.

Ẹ̀yin alákòóso ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwòsàn àti ti ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin oníṣòwò tí kọ̀ǹpútà yín ti ju mẹ́wàá lọ, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ pe ẹni tí ń bá yín tọ́jú ẹ̀rọ lọ́la, ẹ bi í bóyá 802.1X wà nínú switch tí ẹ ní. Bí ó bá wà, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti yàrá kan ṣoṣo, ní àkókò ìsinmi, nítorí pé ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Kí ó kọ́kọ́ tún ìwé orúkọ ṣe, kí orúkọ ẹni tí ó ti lọ kúrò níbẹ̀, nítorí oníbodè tí ó gbọ́n jù láyé kò lè ṣe ju ohun tí ìwé ààfin bá sọ fún un lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, orúkọ yín ni páásíwọ̀ọ̀dù yín ń gbé lórí. Ẹ má fi yá ọ̀rẹ́, torí iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ bá fi ṣe, ẹ̀yin ni a óò pè. Ẹ ya páásíwọ̀ọ̀dù ara ògiri yẹn kúrò kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.